Àga Tí A Fún Bàbá Ìṣọ̀lá Lẹ́ẹ̀mejì

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ náà, wọn kò kọ́ mi bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí bí a ṣe ń fọ egbò. Fèrè ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Bùnmi, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, fà mí mọ́ra, ó ní, "Àǹtí, tí ẹ bá ti gbọ́ fèrè tó dún gígùn, tó tún wá dún kúkúrú, Mọ́mì ti dé nìyẹn. Ẹ tètè dìde. Tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé e pamọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń fi àlejò ṣeré ni. Àfi bí fèrè náà ṣe dún nísàlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣàwàdà dákẹ́, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì sáré tì í bọ inú dúrọ́ọ̀, gbogbo wa dìde bí ìgbà tí ọ̀gá iléèwé bá wọ kíláàsì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde: bàbá kan tí orí wọn ti funfun, tí wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí wọ́n ń bó ẹ̀pà sísè. Wọ́n bó ọ̀kan, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu, wọ́n tún mú òmíràn. Nígbà tí Mọ́mì wọlé, bàbá náà nu ẹnu, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá wa," wọ́n sì ń bá ẹ̀pà wọn lọ. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tí n ó máa tẹ̀lé rèé.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ni orúkọ wọn, Dádì Ọlátúnjí la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ físíò, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ jí ẹran ara tó ti kú padà. Ilé iṣẹ́ wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsí, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà. Ilé iṣẹ́ aláàánú ni, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NGO. Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde nílé mọ́: àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, àwọn tí orúnkún wọn ti kọṣẹ́, àwọn tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa la máa ń lọ bá wọn nílé, ní Kétu, ní Àgílítì, ní Aláàpẹ̀rẹ̀, ní àwọn àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ á já èèyàn sí ẹnu ọ̀nà kí èèyàn tó wá fẹsẹ̀ wá inú ilé kàn.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Gbàgádà ni mo ti ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ìyá mi kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀yọ́ ni màmá náà kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo fi máa délé, ẹ̀yìn wọn ti jẹrà. Egbò ìdùbúlẹ̀ nìyẹn: bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi tí egungun ti ń tẹ ẹran mọ́lẹ̀, awọ ara á kọ́kọ́ pọ́n, á dúdú, á sì là. Oògùn rẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Kí èèyàn máa yí aláìsàn padà ni, òsì, ọ̀tún, ẹ̀yìn, ní wákàtí méjì méjì. Kò sẹ́ni tó yí màmá náà padà. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń wá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ sílé, n kò bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Dádì Ọlátúnjí kọ́ mi, ojú ni mo fi gbà á. A wọ ilé ìyá kan ní Kétu, mo kí wọn, mo sì tẹ́ ọwọ́ lọ sára wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti wo ẹ̀yìn wọn. Ìyá náà, tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn, ọwọ́ wọn ṣì le. Wọ́n fọ́ mi létí. Dádì fi ìpàkọ́ rẹ́rìn-ín títí a fi jáde.

"Mọ́jí," wọ́n ní, "ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni? Jókòó ná. Bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ, bá wọn sọ̀rọ̀ ọmọ. Ara àgbà kì í ṣe ọjà tí wọ́n pàtẹ. Tí wọ́n bá fún ẹ láyè ni kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n."

Kí n má parọ́ mọ́ Mọ́mì. Obìnrin náà ní àánú. Tíṣà ni wọ́n nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú bàbá wọn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì ń gbé. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá fẹ́ rí dókítà, Mọ́mì ló ń pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí ẹni pọnmọ. Lẹ́yìn tí bàbá kú, Mọ́mì gbé báàfù kan, ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn arúgbó àdúgbò, wọ́n ń wẹ̀ fún wọn. Bí ilé iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi fúnra mi bá wọn nínú yàrá kan ní Àgílítì lọ́jọ́ kan tí wọn kò mọ̀ pé mo ń bọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan, wọ́n ń rọra kọrin sí wọn létí. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀.

Àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe yí padà. Ẹnì kan fi fídíò Mọ́mì sórí fóònù, àwọn èèyàn rí i lókè òkun, ìrànlọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìrànlọ́wọ́ mú kámẹ́rà dání, kámẹ́rà mú ọkọ̀ dání, ọkọ̀ mú fèrè dání. Nígbà tí èmi fi dé, wọ́n ti kọ́ wa pé Mọ́mì ni kí a máa pè wọ́n, kódà Dádì Ọlátúnjí tó ju Mọ́mì lọ dáadáa, àti pé ìdílé ni gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí, mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tó yá ló tó yé mi. Tí èèyàn bá béèrè ìdí tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà fi tán láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á ní ọmọ gidi kì í bá ìyá rẹ̀ fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá ní ó ti rẹ òun, wọ́n á ní ta ló ń gba ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Gbogbo Mọ́ńdè la máa ń gbàdúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló kórìíra àdúrà? Ṣùgbọ́n àdúrà tiwa ti di ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn wí láì dárúkọ rẹ̀. "Olúwa, ẹni tó wà láàárín wa, tó ń bá wa jẹ, tó ń bá wa mu, tó ń sọ̀rọ̀ ilé yìí níta, tú àṣírí rẹ̀!" A ó ké àmín, ojú a sì máa wo ọ̀tún wo òsì, láti mọ àmín ẹni tí kò dún dáadáa. Àwọn Mùsùlùmí tó wà láàárín wa ló máa ń ké tiwọn sókè jù, kí ojú má baà wà lára wọn.

Wọ́n sì ní èdè kan ní ọ́fíìsì yẹn. Àwọn àgbàlagbà wa kì í jẹ́ bàbá tàbí ìyá mọ́ bí a bá ti gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Benefíṣíárì" ni wọ́n ń jẹ́, ìyẹn ẹni tó ń jẹ àǹfààní. Ìyá kan ní Aláàpẹ̀rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa lọ́jọ́ kan, àyà wọn já, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé orúkọ àìsàn tó ń ṣe mí nìyẹn? Ṣé ó ní oògùn?"

Nínú gbogbo àwọn tí mo tọ́jú, Bàbá Ìṣọ̀lá ni ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára jù. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, Àgílítì ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn, Ràṣídátù, tó ń ránṣọ níwájú ilé. Iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ ni bàbá ṣe láyé wọn. Gbogbo "Orí Là Bá Bọ" àti "Kò Sí Ohun Tí Ọlọ́run Ò Lè Ṣe" tó ń sáré kiri Kétu nígbà kan, Ràṣídátù ní ìlàjì rẹ̀ ló ti ọwọ́ bàbá òun jáde. Rọpárọsẹ̀ mú wọn ní apá ọ̀tún, ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé gan-an. Ahọ́n wọn wúwo, ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ni wọ́n lè sọ pọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ògiri ni wọ́n kọjú sí.

Ilé iṣẹ́ wa fún wọn ní àga onítáyà. Ẹ ò rí ohun tí àga lè ṣe! Láàárọ̀, Ràṣídátù á ti bàbá jáde sábẹ́ igi fúrúùtù níwájú ilé, ibẹ̀ ni wọ́n á wà títí oòrùn á fi mú. Wọ́n á máa wo kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ tó ń kọjá, wọ́n á máa dá ẹjọ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. "Ó wọ́," wọ́n á ní, wọ́n á mi orí. Èmi náà á wò ó, lóòótọ́, lẹ́tà náà wọ́. Tí inú wọn bá dùn jù, wọ́n á ní, "Ebi ń pa á," ìyẹn ẹni tó kọ ọ́. Dádì Ọlátúnjí ló ní kí wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá ti ní kí Ràṣídátù yí àga náà padà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ bí ọmùtí: MÁ SÁRÉ. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọn kò bìkítà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni Mọ́mì ní kí a kó gbogbo àga tí a ti pín padà wá. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n fi gírísì sí táyà wọn. Èmi àti Múfú, awakọ̀ wa, la lọ kó wọn. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi, nítorí táyà àga bàbá ti ń ké. Bàbá Ìṣọ̀lá di apá àga mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, wọ́n ń wò mí.

"Ìgbà wo?" wọ́n béèrè.

"Kò ní pẹ́, Bàbá. Wọ́n kàn fẹ́ tún un ṣe ni."

Wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀.

Ó pẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní ó ń bọ̀. Bàbá padà kọjú sí ògiri. Awọ ìbàdí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, èmi àti Ràṣídátù sì bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú egbò, òun ń yí wọn padà láàárín aṣọ tó ń rán, èmi ń wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe tiwọn pàápàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn lọ́jọ́ tí Bùnmi ní kí n lọ mú ìbọ̀wọ́ nínú yàrá ẹrù. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá gbogbo àga náà níbẹ̀ tí wọ́n tò wọ́n. Wọ́n ti fi nálọ́ọ̀nù wé wọn, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ wọn bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn ọ̀kan. Mo fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́tà náà ṣì yọ lábẹ́ ọ̀dà.

Múfú ló là á yé mi, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. "Àǹtí Mọ́jí, àwọn àlejò òyìnbó ń bọ̀. Àwọn ló fún wa lówó àga tuntun. Tuntun kò sí. Àwọn yìí ni wọ́n fẹ́ tún pín lójú wọn." Ibi tí owó náà wọlé sí, n kò mọ̀ nígbà náà, n kò sì mọ̀ títí dòní.

Kí n tó pinnu ohun tí n ó ṣe, òjò pinnu. Ẹni tó bá mọ Àgílítì mọ̀ pé odò kì í kan ilẹ̀kùn. Òjò rọ̀ mọ́jú, nígbà tó di àárọ̀, Ràṣídátù pè mí, igbe ni mo ń gbọ́ nínú fóònù. Èmi àti Dádì Ọlátúnjí ká ṣòkòtò sókè, a wọ́ omi dé ilé wọn. Orí ilẹ̀ ni mátírẹ́ẹ̀sì bàbá wà, omi sì ti gbé e. Ká ní àga wà nílé ni, títì ni Ràṣídátù ì bá kàn tì wọ́n lọ sí òkè àdúgbò kí omi tó dé. Àwọn aládùúgbò ló sáré wọlé tí wọ́n fa bàbá sókè. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti rọ ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi fà wọ́n, èjìká náà sì yẹ̀. Orí tábìlì tí Ràṣídátù fi ń gé aṣọ la ti bá bàbá, láàárín àwọn àkísà aṣọ, wọ́n ń gbọ̀n. Wọn kò ké. Dádì fi aṣọ gbé ọwọ́ náà dúró, a wá ọ̀nà gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá sọ fún mi lójú ọ̀nà.

"Àga mi ńkọ́?"

Mo tún aṣọ fà bò wọ́n.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn àdúrà, Dádì Ọlátúnjí dìde. Wọn kò pariwo. Wọ́n sọ ohun tí ojú wa rí ní Àgílítì, wọ́n wá ní, "Mọ́mì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dá àga àwọn èèyàn yìí padà lónìí. Tí àlejò bá dé, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn."

Ojú Mọ́mì le. "Ìwọ Ọlátúnjí, ṣé ìwọ lo dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀?"

Ìwọ! Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ìwọ nílé wa, ojú oòrùn la máa kọ́kọ́ wò, ká mọ̀ bóyá ayé ti fẹ́ parí. Mọ́mì kò tíì dúró. "Kúnlẹ̀, kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé yìí."

Dádì kò kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ọ̀gá wa. Bàbá tiyín, ẹ pọ̀n wọ́n. Ta ni kó pọn Bàbá Ìṣọ̀lá?"

Wọ́n mú báàgì wọn. Wọ́n pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dágbére fún wa, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Èmi náà ì bá tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n èjìká Bàbá Ìṣọ̀lá wà lọ́rùn mi. Bí mo bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n máa rán débẹ̀.

Ọjọ́ àlejò dé. Gbọ̀ngàn kan ní Kétu ni wọ́n lò. Wọ́n gbé àwọn àgbàlagbà wa wá, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní kí fọ́tò lè dára. Ọwọ́ Bàbá Ìṣọ̀lá ṣì wà nínú aṣọ ìgbọ́wọ́. Olórí àwọn àlejò, ìyá aláwọ̀ funfun kan tó ti dàgbà, ní òun fẹ́ kí ẹni tó ń lọ sílé àwọn èèyàn náà gan-an bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mọ́mì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi ṣe bí ìyá ṣe ń tún ti ọmọ ṣe.

"Mọ́jí, ọmọ mi ni ọ́. Ẹnu rẹ ni kí o fi gbé wa ga lónìí."

Wọ́n gbé Bàbá Ìṣọ̀lá sínú àga, wọ́n tú ríbọ́ọ̀nù, kámẹ́rà ń kọ mànà-mànà. Ìyá òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ síwájú bàbá, ó ní kí n béèrè bó ṣe rí lára wọn láti ní àga tuntun. Mo béèrè. Bàbá kò dáhùn kíá. Ọwọ́ òsì wọn rìn lọ sẹ́yìn àga, ó ń wá nǹkan. Ó dé ibi ọ̀dà dúdú, ó ń tọ́ ọ, ó ń tọ́ ọ. Bàbá gbójú sókè.

"Àga mi ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Mo ní bàbá ní àga òun ni. Kí ọ̀rọ̀ náà tó balẹ̀, Mọ́mì ti bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, láti òní lọ, tiwọn ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́! Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìyá òyìnbó náà pàtẹ́wọ́, omi yọ lójú rẹ̀.

Bàbá Ìṣọ̀lá kò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi. "Sọ fún wọn," wọ́n ní.

Mo rí Mọ́mì tí wọ́n rọra ń mi orí fún mi, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò nípa iṣẹ́ mi. Mo rò nípa Bùnmi àti Múfú. Ṣùgbọ́n túmọ̀ ni wọ́n ní kí n túmọ̀, bàbá sì ti parí ọ̀rọ̀ tí agbára wọn ká, èyí tó kù wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mà, ohun tí bàbá ń sọ kọ́ nìyẹn. Àga yìí ti jẹ́ tiwọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo lọ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n sọ pé a fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tí kò sí nílé ni omi ká wọn mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣe èjìká wọn nìyẹn." Gẹ̀ẹ́sì mi túká níbẹ̀. N kò sọ ọ́ dáadáa rárá, mo ń pa ọ̀rọ̀ dà. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ dé òpin.

Ẹni tó ń ya fídíò gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Mọ́mì ní ara mi kò yá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá òyìnbó náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó lọ sẹ́yìn àga, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tí bàbá ti ń tọ́. Ràṣídátù dìde láàárín èrò, ó ní, "MÁ SÁRÉ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ló kọ ọ́." Kò sẹ́ni tó tún pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àga ló bá ẹni tó ni ín lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Bùnmi dá mi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ń sunkún. Wọ́n ní kí n má gòkè. Mo rò pé nítorí mi ló ṣe ń sunkún, ìdajì rẹ̀ ni. Ó ní, "Àǹtí, òtítọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n àwa ni òjò rẹ̀ máa pa." Ó sì pa wọ́n lóòótọ́. Àwọn àlejò náà dá ìrànlọ́wọ́ wọn dúró, àwọn kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pàdánù iṣẹ́, Bùnmi wà nínú wọn. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lọ wò mọ́. Èmi àti Dádì Ọlátúnjí lọ bá àwọn tí agbára wa ká, a kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. N kò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n n kì í fi yangàn. Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí wọ́n bá fẹ́ kí mi kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ Bùnmi ni mo máa ń rántí.

Bàbá Ìṣọ̀lá tún jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù wọn fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀. Àìsàn mìíràn ló mú wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàdé Mọ́mì ní ẹsẹ̀ afárá ní Kétu. Àwọn nìkan ni, wọ́n gbé báàgì kan dání, kò sí ọkọ̀, kò sí fèrè. Ilé iṣẹ́ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dúró.

"Mọ́jí. Ó yẹ kí o wá bá mi ní kọ̀rọ̀."

"Mọ́mì, kọ̀rọ̀ wo? Dádì Ọlátúnjí bá yín sọ ọ́ nínú ilé. Kí lẹ ṣe fún wọn?"

N kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mọ́mì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ojú títì, èrò ń gbá wa léjìká kọjá. Nígbà tó ṣe, wọ́n béèrè pé, "Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti di ẹni Ọlọ́run, Mọ́mì."

Mọ́mì gbé báàgì wọn sí ọwọ́ kejì. "Ara wọn ńkọ́? Ṣé ara wọn mọ́ nígbà tí wọ́n kú?"

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí kò lè béèrè bẹ́ẹ̀. "Ó mọ́, Mọ́mì," mo ní. "Kò sí ojú egbò kankan."

Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n sì gun afárá lọ.

Ní báyìí, èmi náà ti ń ṣe ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó ló fi mí ṣe olórí àwọn tó ń jáde. Láìpẹ́ yìí, níwájú gbogbo wọn, mo pín ọ̀nà tí kálukú máa gbà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí Mọ́jí, ẹ má bínú, àṣìṣe wà nínú ohun tí ẹ sọ. Tí mo bá tọ ọ̀nà yẹn, kò ní sí ẹni tó máa yí ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìsẹrì padà títí di ọ̀sán."

Ooru gbà mí láti ọrùn dé etí. Gbogbo ojú wà lára mi. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ náà sì dùn: ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi? Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí irú ti Mọ́mì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀gá tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"O ṣé," mo ní. "Tún un sọ, sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wa gbọ́."